Orúkọ Tí Wùnmí Sọ Ìyá Rẹ̀

Láti ọjọ́ Àjọ̀dún Àwọn Ọmọdé ni Wùnmí ti ń jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá wà nídìí tábìlì, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Bó bá dìde, á kó wọn há abíyá. Òùngbẹ lè gbẹ ẹ́ títí ètè rẹ̀ á fi gbẹ, kò ní nàka sí kúlà omi. Ọmọ ọdún méje tí ìka rẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀, tó máa ń fi ọwọ́ ṣe ológbò, tó máa ń fi ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń yí kọ́nà, tó máa ń fi ṣe pásítọ̀ tí ikọ́ gbé lórí pèpéle, ló wá dákẹ́ pátápátá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ni mò ń sọ, ṣé ọmọ tí kò gbọ́ràn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i tún ń dákẹ́ ni? Ó ń dákẹ́. Adití ní bó ṣe ń pariwo, ó sì ní bó ṣe ń dákẹ́. Àbíkẹ́, ìyá ọmọ náà, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfìgbà tí ariwo ọ̀hún tán nínú ilé rẹ̀.

Ó mọ ẹni tó pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Kánò. Kánò ni wọ́n bí Àbíkẹ́ àti Adéfẹ́mi ọkọ rẹ̀ sí. Bàbá Adéfẹ́mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, inú Railway Quarters ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá Àbíkẹ́ sì ń ta àwo tánganran ní Ọjà Sabon Gari kí Àbíkẹ́ tó jogún ìsọ̀ náà, tó sọ ọ́ di ti mílíìkì, ṣúgà àti tòmátò alágolo. Àwọn tó bá ti pẹ́ ní Kánò bẹ́ẹ̀, ojú egbò kan wà tí wọn kì í fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn. Ọmọ wọn á gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ni á fi dáhùn. Kérésìmesì ọdún kan, wọ́n kó ọmọ lọ sílé. Ìyá Adéfẹ́mi fa Matthew, àkọ́bí wọn, mọ́ra, ó ń kì í ní oríkì. Matthew dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀kọ́ ilé ò kúkú yingin, ló bá ní, "Ina kwana, Kaka." Sharon àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀, òun náà ní, "Ina kwana." Ìyá àgbà jáwọ́ lára ọmọ, ó yíjú sí Àbíkẹ́.

"Ìyàwó, ṣé èmi lo bá tọ́ ọmọ ni, àbí Gàḿbàrí lo bá tọ́ ọ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́ náà bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Oyún Wùnmí wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà ló ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé Yorùbá ni èyí tó wà nínú òun yóò máa fọ̀, bó bá gba kí òun tì í mọ́lé. Nígbà tó bí i, kò gbà kí wọ́n fún un ní orúkọ Òyìnbó kankan. Adéwùnmí ni, ó parí. Ó ń bá ìkókó náà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó ń sọ ìtàn fún un, ó ń pe orúkọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé fún un. Ìkókó á ranjú mọ́ ẹnu rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá ń yọ̀ pé ọmọ ń gbádùn Yorùbá. Ọjọ́ tí tírànsífọ́mà bú gbàmù lẹ́yìn ilé wọn, tí gbogbo àdúgbò sá jáde, Wùnmí kò jí lójú oorun. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò gbọ́ nǹkan kan ní etí ọ̀tún, kò sì gbọ́ nǹkan kan ní ti òsì, pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí kò ní ṣe é láǹfààní.

Nítòsí Airport Road, ilé ìwé kan wà tó ní kíláàsì àwọn ọmọ adití. Ọmọ Ọ̀fà kan ni olùkọ́ ibẹ̀, Bàṣírátù Sàláwù, ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, tí híjáàbù rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Àńtí Bàṣírátù ni gbogbo òbí ń pè é. Obìnrin yìí ní ìwà kan tó máa ń bí àwọn òbí nínú, kì í kọ́ ọmọ méjì bákan náà. Seth, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà, ṣì ń fi ẹ̀rọ gbọ́ díẹ̀ ní etí òsì, nítorí náà ó máa ń jókòó síbi tí Àńtí á ti máa bá etí òsì yẹn sọ̀rọ̀, jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì. Ní ti Collins, ó ti ń fọ Igbo, ó ti ń fọ Gẹ̀ẹ́sì kí àrùn yírùnyírùn, tí wọ́n ń pè ní sankarau níbẹ̀, tó wá dí i létí. Àńtí máa ń gbé dígí kalẹ̀ síwájú òun àti Collins, wọ́n á jọ máa wo ẹnu ara wọn nínú rẹ̀, kí ohùn tí ọmọ náà ti ní má bàa sọnù. Wùnmí wá ní tirẹ̀. Ọwọ́ àti àwòrán ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, lẹ́yìn náà lẹ́tà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Àbíkẹ́ lọ mú ọmọ rẹ̀, Collins pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹríba, ó ní, "Good afternoon, ma." Ohùn náà wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yéni. Àbíkẹ́ dá a lóhùn, ó sì fi ọwọ́ pa á lórí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ ẹlòmíràn ń fọhùn nínú kíláàsì yìí, tòun ń ju ọwọ́. Kò béèrè bí Collins ṣe di ẹni tó ń fọhùn. Owú kì í jẹ́ kéèyàn béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí nǹkan wá bàjẹ́ tán ni ọjà. Obìnrin Hausa kan ń ta kúlíkúlí ní ọ̀kánkán ìsọ̀ Àbíkẹ́, adití sì ni Ramlat ọmọ rẹ̀, ọmọge tó ti ń bójú tó àtẹ fúnra rẹ̀. Bí Wùnmí bá ti dé láti ilé ìwé, ọ̀dọ̀ Ramlat ló ń sá lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fi ọwọ́ tàkúrọ̀sọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín àwọn oníbàárà. Matthew náà fara mọ́ wọn, kò pẹ́ tóun náà fi ń bá wọn fọwọ́ sọ̀rọ̀. Àbíkẹ́ rò pé eré ọmọdé lásán ni, títí Àńtí Bàṣírátù fi wá ra ṣúgà lọ́jọ́ kan. Bí Àńtí ti rí Ramlat báyìí, ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ti Ramlat náà gbéra, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, Wùnmí náà dá sí i. Irú ọwọ́ kan náà ni.

"Àńtí, kí lẹ̀ ń bá ara yín sọ?" ni Àbíkẹ́ béèrè.

"Maganar hannu ni, Mummy Wùnmí. Èdè ọwọ́ àwọn adití Kánò. Òun ni mo fi ń kọ́ Wùnmí."

"Hausa ni?"

"Hausa tí wọ́n ń fẹnu sọ kọ́ o. Èdè tara ẹ̀ ni, it's a complete language. Ibí ni wọ́n bí i sí, bíi ti Wùnmí."

Gbogbo àlàyé yìí, Àbíkẹ́ kò gbọ́ ju Hausa àti Kánò lọ. Ìyá àgbà ló ń rí lójú, ó ń jáwọ́ lára ọmọ. Wọ́n ti gba Matthew lọ́wọ́ òun, wọ́n ti gba Sharon, wọ́n tún wá ń gba èyí tí kò létí rárá. Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ìyá ń bẹ̀rù pé èdè ẹlòmíràn fẹ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n béèyàn kò bá tíì gbé Sabon Gari, kó má tètè rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù yẹn jinlẹ̀ lára wọn.

Lọ́jọ́ kejì ó dé ilé ìwé, ó ní kí wọ́n gbé Wùnmí sídìí dígí pẹ̀lú Collins.

"Kò ní bọ́ sí i, ma," ni Àńtí Bàṣírátù wí. "Ọ̀rọ̀ ti wà nínú orí Collins kí etí ẹ̀ tó dí. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ni mò ń tọ́jú. Ti Wùnmí, ojú lọ̀rọ̀ máa gbà wọlé. Tí mo bá fi ti Collins kọ́ ọ, ọdún á máa gorí ọdún, kò ní ní ti ẹnu, kò sì ní ní ti ọwọ́."

"Ẹ̀ ń sọ pé ọmọ tèmi ò lọ́pọlọ tó ti Collins."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, wallahi. Mo ní ọmọ méjì ni wọ́n."

Àbíkẹ́ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Kò mú un padà wá mọ́. Ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dé ìdí àtẹ kúlíkúlí mọ́. Ìkìlọ̀ náà kò kúkú ju pé ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó la ọwọ́ gbàgà, ó dí ọmọ náà lójú kó má bàa rí Ramlat.

Nínú pálọ̀ ló ti ń kọ́ ọ. Á gbé ọwọ́ Wùnmí lé ọ̀fun ara rẹ̀ kó lè mọ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀, á ní "A-dé", á tún gbé ọwọ́ náà lé ọ̀fun ọmọ. Àmọ́ ọwọ́ Wùnmí kì í dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá sọ sí i nínú, ìka ló máa ń kọ́kọ́ gbéra. Àbíkẹ́ gbé gèlè kan tó wà lórí àga, ó fi di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì pọ̀ lórí itan, kì í ṣe líle, ó ṣáà ní kó lè rántí. Wùnmí yọ ọwọ́ jáde, ó rò pé eré ni. Ìyá rẹ̀ tún un dì, ó so ó ní kókó, ó tún so kókó kejì lé e. Èyí kò tú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kókó méjì ni. Bí ohùn kan bá jáde, Wùnmí á jẹ bísíkíìtì láti ọwọ́ ìyá rẹ̀, nítorí kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbà á. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kò lu ọmọ náà rí. Ó máa ń fẹnu kò ó lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á tú gèlè, á fi òróró ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ló pè é.

Adéfẹ́mi wọlé bá wọn lọ́jọ́ kan. "Àbíkẹ́, kí lò ń ṣe fọ́mọ?"

"Mò ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ ni, Daddy Matthew. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Ó dúró díẹ̀, ó wo gèlè náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde.

Ní ìjọ wọn, bí Àjọ̀dún Àwọn Ọmọdé bá dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú, á gba maikí, á dárúkọ ara rẹ̀ ní Yorùbá, á wá ka àkọ́sórí rẹ̀. Kò sí ìsìn tí àwọn àgbà ìjọ fẹ́ràn tó o, nítorí ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ kí gbogbo ọmọ wọn fọ Yorùbá tó dán mọ́rán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle báyìí, Hausa ni wọ́n á fi béèrè ìrẹsì wọn. Àbíkẹ́ kò retí àkọ́sórí. Orúkọ nìkan ló fẹ́. Ó ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kọ́áyà pé kí wọ́n máa fetí sílẹ̀, ó sì ní kí Sharon fi fóònù ká a kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Wùnmí bọ́ síwájú nínú aṣọ funfun. Kò sẹ́ni tó dè é lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó pa ọrùn ọwọ́ méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni pé gèlè ṣì wà níbẹ̀. Ó la ẹnu. Ohùn tó jáde kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ̀ ti mọ́ lára nínú pálọ̀. Maikí gbà á, ó sọ ọ́ di ńlá, ó fẹ́ jọ ìgbe ẹran. Ọmọ kékeré kan níwájú bú sẹ́kún, ó sá wọ abẹ́ ìró ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ni ìyá àgbà kan bá nawọ́ sókè pé odi ti fọhùn, ẹ yin Olúwa, gbogbo ìjọ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Wùnmí kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀, ojú ló fi rí i. Ó rí ọmọ tó ń sunkún, ó rí eyín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó rí ọwọ́ tó ń jù lókè, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ìyìn nínú wọn. Ó ṣe ohun tí ọmọ yòówù máa ṣe, ó ń wá ojú ìyá rẹ̀. Àbíkẹ́ rí i pé ó ń wá òun. Ó sì tẹ̀ ba, ó ń tú inú báàgì rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù fún. Nǹkan kan kò sọnù. Ojú ló ń tì í, ojú ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Nígbà tó fi gbójú sókè, Wùnmí ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ náà ti ń jókòó lé ọwọ́. Kò la ẹnu mọ́, kò nàka mọ́. Fún bí oṣù kan gbáko, Àbíkẹ́ ń sọ fún ara rẹ̀ pé á kọjá. Bó bá ń to agolo mílíìkì ní ìsọ̀, á rí ojú Wùnmí tó ń wá tirẹ̀ nínú ìjọ, á sì tún rí báàgì náà. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bínú sí gèlè tó bó ṣe bínú sí báàgì. Gèlè, ó lè ní àìmọ̀ ni. Báàgì, ó mọ̀.

Adéfẹ́mi kò bá a jà. Ó kàn sọ fún un lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń pa ìsọ̀ dé pé, "Èmi náà rí i. Mo rí gèlè yẹn, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo jáde." Àbíkẹ́ ì bá fẹ́ràn kó bú òun.

Matthew ni kò tọ́jú ọ̀rọ̀. Ó ti fi gbogbo ọwọ́ tó mọ̀ bá àbúrò rẹ̀ ṣeré nídìí oúnjẹ, Wùnmí ń wo àwo. Àbíkẹ́ rọra fà á ní ìgúnpá, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọwọ́ jáde. Ni Matthew bá ní, láì gbé ohùn sókè rárá, "Mummy, you don tie am finish, now you want make she talk." Ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ.

Àbíkẹ́ mú ọmọ náà lọ sí ìdí àtẹ kúlíkúlí fúnra rẹ̀. Ramlat rí Wùnmí, ó fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wùnmí wolẹ̀. Ramlat dúró. Ó wo abíyá tí ọmọ náà kó ọwọ́ há, ó wá wo Àbíkẹ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú. Èèyàn kò nílò kó lọ sílé ìwé kan kó tó mọ ohun tó ń béèrè. Àbíkẹ́ ló ṣe é, ó sì fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ tí yóò fi dáhùn.

Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí ilé ìwé. Nígbà tó dé iwájú Àńtí Bàṣírátù, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ dìde, Mummy Wùnmí, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ọmọ yín ni mí."

Kò dìde títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, gèlè, bísíkíìtì, ìjọ, báàgì. Àńtí ń ṣí ìdérí bírò rẹ̀, ó ń pa á dé.

"Inú ń bí mi," ló wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún yín ná, kí n má bàa máa fẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀."

"Mo gbà, Àńtí."

"Mi ò lè kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ nígbà yẹn kọ́ lẹ mú wá yìí. Kò ní tíì bá àwọn tó kù jókòó. Tó bá wà ní ìsọ̀, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó máa ń bá mi to agolo. Tí mo bá to mílíìkì mọ́ tòmátò, á tú u ká, á tún un tò. Kì í fẹ́ kí nǹkan rí játijàti."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Àńtí Bàṣírátù fẹ́ rẹ́rìn-ín. "To, ó dáa. Ẹ bá mi kó agolo òfìfo àti páálí wá. Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ bá wa wá ẹni tí á máa jókòó sí ìsọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́. Wùnmí á kàn máa wò wá."

Bẹ́ẹ̀ ni Àbíkẹ́ ṣe di ọmọ kíláàsì. Wọ́n gbé àga kékeré kan fún un tí ìdí rẹ̀ kò gbà tán. Àńtí á gbé agolo sókè, á fi ọwọ́ ṣe orúkọ rẹ̀, Àbíkẹ́ á fara wé e. Ìka tó ti fi gbogbo ayé gbé páálí kì í tètè tẹ̀ síbi tí wọ́n bá ní kó tẹ̀ sí. Ó ṣe mílíìkì, ó di nǹkan mìíràn. Ó ṣe ìyọ̀, Collins bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ma, that one is goat." Wùnmí jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá délé, Àbíkẹ́ á tún máa ṣe é níwájú dígí, ojú á máa tì í, á sì máa ṣe é lọ.

Ṣúgà ló tú ọ̀rọ̀ náà. Àbíkẹ́ ṣe é, kò dára. Ó tún un ṣe, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ó tún fẹ́ bà á jẹ́. Ọmọ tí kì í fẹ́ kí nǹkan rí játijàti kò lè mú un mọ́ra mọ́. Wùnmí yọ ọwọ́ lábẹ́ itan, ó fò dìde, ó gbá ìka ìyá rẹ̀ mú, ó tẹ ọ̀kan, ó na èkejì, ó gbé gbogbo rẹ̀ síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ó padà lọ jókòó. Omi kún Àbíkẹ́ lójú, ṣùgbọ́n kò nù ún, nítorí kò fẹ́ kí ọwọ́ náà yẹ̀ kúrò bí ọmọ ṣe tò ó.

Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo padà. Wùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ramlat sọ̀rọ̀, ó ń bá Àńtí sọ̀rọ̀, òun àti Matthew wá ń jà pẹ̀lú ọwọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti mọ orúkọ gbogbo páálí, ó sì ti ń kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan. Yóò tún ìka rẹ̀ ṣe bó bá ṣì í, yóò sì yíjú. Bó bá fẹ́ omi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fà láṣọ. Àbíkẹ́ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún báyìí ni kí ọmọ yìí pe òun, fún ohunkóhun tó bá wù ú, kó ṣáà pe òun.

Nígbà tí sáà ìwé fẹ́ parí, Àńtí Bàṣírátù ní kí gbogbo òbí wá. Ó ṣàlàyé fún wọn pé láàárín àwọn adití, olúkúlùkù ló ní orúkọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ pè é, pé ohun tí wọ́n bá rí lára èèyàn jù ni wọ́n ń fi sọ ọ́, èèyàn kì í sì í yan tirẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ á sọ orúkọ ará ilé wọn. Wùnmí bọ́ síwájú. Ó fi ọwọ́ fa ṣòkòtò sókè lábẹ́ ikùn, gbogbo èèyàn yíjú sí Adéfẹ́mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, Adéfẹ́mi náà fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó tó mọ̀. Ó ṣe Sharon tó ń tẹ fóònù. Ó ṣe Ramlat tó ń yí kúlíkúlí láàárín àtẹ́lẹwọ́. Matthew, ṣíbí tí kì í kúrò lẹ́nu ni.

Ó wá wo ìyá rẹ̀. Ó pa ọrùn ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó yọ ọ̀kan, ó fi í yí èkejì po, ó sì fà á.

"Ahn, Mummy ń di páálí," ni bàbá Seth wí, "oníṣòwò gidi ni Madam yìí." Àwọn òbí tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí sí Àbíkẹ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Àńtí Bàṣírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sún mọ́ Àbíkẹ́, ó ní, "Ma, a lè ní kó ronú òmíràn." Adéfẹ́mi ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Bí Àbíkẹ́ bá rẹ́rìn-ín báyìí, páálí ni yóò jẹ́ títí ayé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Wùnmí ṣì ń wò ó.

Àbíkẹ́ gbé báàgì náà sílẹ̀, ó dìde. "Kì í ṣe páálí," ló wí. "Gèlè ni. Èmi ni mo fi ń de ọmọ yìí lọ́wọ́ nínú ilé, kó lè fọ Yorùbá." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó pa ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀ níwájú gbogbo wọn, ó yí i po, ó fà á, kí ọmọ náà lè rí i pé òun ti gba orúkọ òun.

Wùnmí mi orí. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe bó bá ṣì í, ó yí i po, ó fà á, ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó fà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kókó méjì ni.

Àbíkẹ́ tún un ṣe, kókó kan, kókó kejì lé e. Ojú rẹ̀ wà lójú ọmọ náà, kò gbé e kúrò.

Wùnmí wò ó dáadáa, ó gbà pé ó tọ́. Ó pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ náà, kókó méjì, ó wá nàka sí ọ̀fun ara rẹ̀ tó ti gbẹ. Àbíkẹ́ lọ bu omi wá fún un.